Òkú Inú Yàrá

Ibà ti dá Adégbọlá dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, nítorí náà ilé ló wà ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá, tó ní kó dìde kó jáde nílé.

"Kí n jáde lọ síbo?" Adégbọlá fa aṣọ ìbora dé ọrùn.

"Ibi tó bá wù yín. Ẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n yín ní Utako. Ẹ ò tíì fojú kàn wọ́n láti ọdún Àjíǹde."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n yìí? Kí n lọ máa lé ọkọ̀ lábẹ́ afárá? Kí ló dé gan-an, Bámiṣayọ̀?"

Bámiṣayọ̀ kò dáhùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá, ó fi ẹ̀yìn ti férémù, ó ń fi ìka ká etí ìró rẹ̀. Ọmọ Kàbà ni, ó sì máa ń fọ́nnu pé èdè àwọn kò ní kọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í sùn sílẹ̀ mọ́. Adégbọlá dìde jókòó.

"Àǹtí Dára ń bọ̀ níbí lónìí," ni Bámiṣayọ̀ wí. "Àwọn ọmọ iléèwé Áyáláńdì yẹn fẹ́ rí Tiwá lórí fídíò. Nínú pálọ̀ wa."

"Ó dáa náà. Màá wọ ẹ̀wù, màá kí wọn."

"Ẹ ò lè kí wọn."

"Nítorí kí ni?"

"Wọ́n mọ̀ yín sí òkú níbẹ̀."

Adégbọlá kọ́kọ́ rò pé ibà ló dí òun létí. Ó wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà á tún ara rẹ̀ ṣe. Kò tún ara rẹ̀ ṣe. Níta, máì-rúwà kan ń ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ kọjá, ìró àwọn kẹ́ẹ̀gì ń gbá ara wọn.

Ọ̀rọ̀ Áyáláńdì kò ṣàjèjì sí i. Láti ìgbà tí àwọn tíṣà iléèwé ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn tó yẹ kó pè wọ́n padà sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni Tiwátọ́pẹ́ ọmọ wọn ti ń kàwé. Dára ló dá a sílẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Galadimawa, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó tọrọ láǹtọ́ọ̀pù àlòkù jọ, ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì so àwọn ọmọ Nyanya, àdúgbò wọn, mọ́ iléèwé kan tó wà létí òkun ní Áyáláńdì nílẹ̀ òyìnbó. Tíṣà ọ̀hún, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nọ́rà, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Obìnrin mìíràn láti Íńdíà ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Nígbà òjò, àwọn ọmọ gbé ìgò síta nílé kálukú, lọ́hùn-ún àti níbí, wọ́n ń wọn òjò, wọ́n sì ń fi tìhín wé tọ̀hún. Adégbọlá ti sọ ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ní ọ́fíìsì títí ó fi sú àwọn èèyàn.

"Mo kọ́kọ́ sọ òtítọ́," ni Bámiṣayọ̀ wí. Ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. "Nígbà tí Dára ní ká sọ nípa ọmọ kálukú wa kí àwọn tó fẹ́ ṣàánú lè rí wọn, mo ní bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, pé owó oṣù kì í bá wa dé ìdajì oṣù. Fọ́tò Tiwá wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì látìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé. Ẹnì kan ò yà á sí. Àwọn ọmọ tí kò ní bàbá, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rí ẹni gbé bùkátà wọn. Ni mo bá sọ fún Dára pé ẹ ti kú."

"Pé mo kú báwo?"

"Jàǹbá ọkọ̀. Lójú ọ̀nà Keffi."

"Kí ni Dára sọ?"

"Ó sunkún. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún títí. Èmi náà sunkún." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹkún gidi ni, Bàbá Tiwá. Mi ò mọ ibi tó ti wá."

Adégbọlá fẹ́ pariwo, àmọ́ ibà ti gba agbára ariwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó ń béèrè omi. "O pa mí, o ò sì sọ fún mi."

"Ká ní mo sọ, ṣé ẹ máa gbà?"

"Mi ò ní gbà."

"Tí ẹ ò bá gbà, tíṣà wo lẹ máa mú wá fún un? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Ẹ rí tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ ò béèrè ẹni tó rà á. Ẹ rí báàgì tuntun. Ẹ rí i tí dátà ò tán mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí mo ní wọ́n máa san owó iléèwé rẹ̀ ní iléèwé aládàáni tí sáà tuntun bá dé, ẹ ní 'Ọlọ́run ṣé é,' ẹ yíjú, ẹ sùn. Ẹ ò béèrè."

Òótọ́ ni, kò béèrè. Ẹni tó rí ẹran nínú ọbẹ̀ tí kò sì fún ìyàwó ní owó ẹran, tó jẹ ẹ́ láìbéèrè, òun náà ti mọ nǹkan kan. Adégbọlá wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí aṣọ ìbora. Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná díẹ̀díẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí ẹni tó dìde lọ wò ó nínú àwọn méjèèjì.

"Tiwá ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Kí Bámiṣayọ̀ tó wá èsì, ọmọ náà ti yọjú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó ga ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Bàtà bàbá rẹ̀ ló gbé dání, àwọn bàtà tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ń kó wọn wá sínú yàrá bí ìyá rẹ̀ ti rán an. Ó dúró nígbà tó rí ojú bàbá rẹ̀.

"Mọ́mì ní inú kọ̀ǹpútà nìkan lẹ ti kú," ni ó wí. Yorùbá kì í tètè yá a lẹ́nu, ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé. "Not real. Inú kọ̀ǹpútà nìkan."

Ó to àwọn bàtà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jáde.

Àṣé kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà nìkan ló ti kú. Bí Bámiṣayọ̀ ti ń gbá pálọ̀, tó ń gbé àpò ìrẹsì kúrò níbi tí fídíò á ti rí i, tó sì ń yọ fọ́tò ìgbéyàwó wọn lára ògiri, Sàlímọ́tù tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn wọlé. Obìnrin aránṣọ ni, ọmọ Kogi bíi Bámiṣayọ̀, ọmọ rẹ̀ Balkis sì wà nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú Tiwá.

"Okun o, Ìyá Tiwá," ni Sàlímọ́tù kí i bí wọ́n ti ń kíni nílé wọn. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé òkú ti jẹun?"

Adégbọlá gbọ́ ọ láti inú yàrá.

"Sàlímọ́tù, wọ́n wà nílé o," ni Bámiṣayọ̀ wí.

Sàlímọ́tù wú ikọ́ tí kò ṣe é. "Kai. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Tiwá, ẹ má bínú, eré ni mò ń ṣe. Sànnu o. Ṣé ibà ti ń fúyẹ́?" Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ó ní, "Mo ti sọ fún gbogbo àwọn ará ilé. Kò sí ẹni tó máa pè yín lórúkọ títí Àǹtí Dára á fi lọ. Ìyá Hafeez pàápàá ti gbà."

Gbogbo àwọn ará ilé. Ọkùnrin tó ń kí i ní 'ẹ kú iṣẹ́' láràárọ̀ lẹ́nu géètì, àwọn obìnrin tó ń dúró de omi, Ìyá Hafeez tó máa ń yá a ní ìwé ìròyìn ọkọ rẹ̀: wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí olóògbé tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ń kí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ń wọlé lọ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ni kò gbọ́ nípa ikú ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọn ò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bí méjèèjì bá jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà.

Ó gbìyànjú láti jáde. Ó wọ ṣòkòtò, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì di férémù mú. Bámiṣayọ̀ ló mú un padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rọra ṣe é, bí ó ti máa ń ṣe látìgbà tí ibà ti dé. Ó fún un ní oògùn, ó fún un ní omi, ó fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síwájú dígí, ó fi gèlè dúdú wé orí, ó sì yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó jọ opó.

"Ẹ má wúkọ́," ni ó wí, kò sì wojú rẹ̀. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Dára dé ní ọ̀sán. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, Adégbọlá gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó kí Bámiṣayọ̀, ó ní, "Ẹ kú ìfaradà, mà." Ó béèrè ibi tí iná wà. Ó gbé láǹtọ́ọ̀pù kalẹ̀, ó ń sọ fún Tiwá pé kó jókòó síbí, kó máa wo ibi tó ń tàn yẹn. Lẹ́yìn náà, pálọ̀ kékeré wọn kún fún ohùn àwọn ọmọdé tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń kí Tiwátọ́pẹ́. Gbogbo wọn ló mọ orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan béèrè bóyá ó ti rí ìyókù àwòrán òkè tó ń yọ iná. Ẹnì kan ní òjò ò dá lọ́dọ̀ àwọn, pé ìgò òun kún títí ó fi ya. Tiwá rẹ́rìn-ín, ó dá wọn lóhùn ní òyìnbó tó já gaara, tó yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Adégbọlá gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń pín ìdá nǹkan sí ìdá mìíràn, tí ọmọ òyìnbó kan sì ń ní kó tún un sọ. Inú rẹ̀ dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó gbàgbé pé òun ò sí níbẹ̀.

Nígbà náà ni Nọ́rà sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ti béèrè pé ṣé àwọn lè dìde dúró láìsọ̀rọ̀, fún bàbá Tiwátọ́pẹ́. Ó pe orúkọ rẹ̀. "Adégbọlá" jáde lẹ́nu rẹ̀ bí iṣu gbígbóná, àmọ́ ó gbìyànjú, ó tún un pè kó lè dáa. Ìró àga tó ń sún dún láti òkèèrè. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohùn kankan mọ́.

Adégbọlá wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n dá nítorí rẹ̀. Ikọ́ gùn ún dé ọ̀fun. Ó ki etí aṣọ ìbora bọ ẹnu, ó sì gé e jẹ. Àwọn tíṣà tó daṣẹ́ sílẹ̀ ò kú. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó oṣù ò kú, àwọn tó ń kọ́ ilé pẹ̀lú owó iléèwé ò kú, wọn ò tilẹ̀ wúkọ́. Kí ọmọ kan tó lè kàwé ní Nyanya, ẹni tó yẹ kó kú ni akọ̀wé tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Ó ronú bẹ́ẹ̀, inú sì bí i. Àmọ́ ìbínú náà ò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ wúwo jù ú lọ.

Àwọn àga tún sún. Nọ́rà ní ọmọ kan wà tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Tiwátọ́pẹ́, pé orúkọ rẹ̀ ni Kọ́nọ̀, pé ó ti ń múra ìbéèrè náà sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ohùn ọmọkùnrin kékeré kan jáde. "Bàbá tèmi náà kú," ni ó wí. "Nígbà Kérésì. Nínú kíláàsì wa, kò sí ẹlòmíràn tí bàbá rẹ̀ kú. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀. Mo fẹ́ bi ọ́ pé: ṣé o ṣì máa ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ?"

Adégbọlá gbọ́ mímí ìyàwó rẹ̀, ó tilẹ̀ mọ ibi tó dúró sí. Ó ti bọ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láìmọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Tiwá wí níkẹyìn. "Ojoojúmọ́."

"Ó dára fún ọ," ni ọmọkùnrin náà wí. "Èmi ti ń gbàgbé ti bàbá mi."

Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn èyí, Adégbọlá gbọ́ ọ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Nọ́rà ní àwọn òbí ilé ìwé òun ti pinnu pé kì í ṣe Tiwátọ́pẹ́ nìkan, pé gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì Dára ni àwọn máa dúró tì títí wọ́n á fi parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dára dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin tó ti kóra jọ sẹ́yìn fèrèsé pàtẹ́wọ́. Sàlímọ́tù ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù.

Nígbà tí ohùn àwọn ọmọ Áyáláńdì dákẹ́, Adégbọlá dìde. Kò sí ẹni tó rán an. Ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ títí dé ọrùn bí ẹni tó ń lọ síwájú ọ̀gá, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì bọ́ sí pálọ̀. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò gùn: èmi ni Adégbọlá.

Dára ń ká wáyà. Ó gbójú sókè, ó rí i, ó sì kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá Tiwá ni," ni Bámiṣayọ̀ wí kíá. "Utako ni wọ́n ń gbé. Wọ́n wá wò wá."

Àyè ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣí sílẹ̀. Adégbọlá la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó lábẹ́ gèlè dúdú, ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti orí àga, ojú Sàlímọ́tù wà lójú fèrèsé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà," ni Dára wí, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omi. "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín."

"Tiwá jọ yín gan-an, sà. Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́."

Dára kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó dì mọ́ Tiwá, ó sì lọ. Àwọn obìnrin sìn ín dé géètì pẹ̀lú àdúrà.

Bámiṣayọ̀ tú gèlè. Ó bu ẹ̀wà sínú abọ́, ó po gààrí, ó wá ibi tí kò jóná nínú ìkòkò fún ọkọ rẹ̀, ó sì fi ẹja tó tóbi jù sí i lórí. Tiwá gbé e wá, ó gbé omi ìfọwọ́ tẹ̀ lé e. Adégbọlá fọwọ́, ó bu òkèlè, kò gbé e dé ẹnu.

Ọmọ náà ò lọ. Ó dúró níwájú bàbá rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan nu èkejì.

"Dádì, tí Àǹtí Dára bá tún wá," ni ó béèrè, "ṣé kí n máa pè yín ní Ọ́ńkù?"

Kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ìbéèrè ọmọ tó fẹ́ ṣe nǹkan bó ti tọ́ ni, irú èyí tó máa ń bi tíṣà kó má bàa gba òdo. Èyí ló ṣe Adégbọlá bí nǹkan. Ó dá òkèlè padà sínú abọ́. Ó lọ sínú yàrá, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa bàtà jáde.

"Ibo lẹ ń lọ?" ni Bámiṣayọ̀ béèrè.

Adégbọlá ti wọ bàtà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Sàlímọ́tù jáde. Sàlímọ́tù ní, "Ẹ rọra o," àmọ́ kò tún lè fi orúkọ kankan kún un.

Abẹ́ afárá ló ti bá Dára. Ó dúró láàárín èrò, báàgì rẹ̀ wà láyà, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan sì ń ké "Àyà, Wúsè, Bẹ́gà" sí i létí. Òógùn ti mu ẹ̀wù Adégbọlá. Nígbà tí Dára rí i, ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, Adégbọlá sì nawọ́ dí i lọ́wọ́.

"Má kúnlẹ̀ fún mi. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó kú. Èmi ni bàbá Tiwátọ́pẹ́."

Dára wò ó. Ọkọ̀ kún, ọkọ̀ lọ, òmíràn sì wọlé sípò rẹ̀.

"Èmi ni mo wà nínú yàrá," ni Adégbọlá wí. "Mo gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn béèrè. Ìyàwó mi ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi náà sọ ọ́ níwájú rẹ báyìí. O kí mi kú ará fẹ́ra kù, mo ṣe àmín."

"Mo sunkún nítorí yín, sà," ni Dára wí. Kò gbé ohùn sókè. "Mo délé, mo tún sunkún. Mo sọ fún màmá mi."

Adégbọlá fi apá ẹ̀wù nu òógùn ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo àwọn ọmọ yẹn. Mo ní mo mọ ilé kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gbọ́ ti ẹ̀yin, ti ta ni wọ́n tún máa gbà gbọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló máa sọ fún ọmọ yẹn?"

"Bá mi pe tíṣà rẹ̀," ni Adégbọlá wí.

Wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn àwọn tó ń ta aṣọ òkìrìkà. Dára pe Nọ́rà lórí fóònù, ó sọ gbólóhùn díẹ̀, ó sì na fóònù sí i. Ojú obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló wà nínú rẹ̀, awò lójú, àwòrán tí àwọn ọmọdé yà wà lẹ́yìn rẹ̀ lára ògiri. Adégbọlá sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ tíṣà tó daṣẹ́ sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ owó oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló wà ní ọ̀fun rẹ̀. Ó ní, "A purọ́ fún yín."

Nọ́rà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún, ó sì tún fi í sójú kó lè rí i dáadáa.

"Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ wà láàyè," ni ó wí, "wọ́n á kọ́kọ́ yọ̀. Lẹ́yìn náà ni á tó yé wọn."

"Mo mọ̀."

"Kọ́nọ̀ ni mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún. Á bi mí bóyá bàbá tirẹ̀ náà lè padà."

Adégbọlá fọwọ́ ti ògiri. Ẹnì kan kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní kó yà fún òun, ó sì yà.

"Ti iléèwé náà ńkọ́, ti àwọn ọmọ yòókù?" ni Dára béèrè láti ẹ̀gbẹ́.

"Mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn òbí," ni Nọ́rà wí. "Mi ò lè ṣèlérí ohunkóhun. Àmọ́ kíláàsì wà lọ́la. Ọ̀gbẹ́ni, mo fẹ́ kí ẹ wá. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ojú yín."

Ó gbà. Dára gba fóònù, ó kí i pé ó dàbọ̀, kò kúnlẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ tó kàn.

Ìròyìn ti dé ilé ṣáájú rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló sọ ọ́. Sàlímọ́tù dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Balkis jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fa òwú yọ lára aṣọ kan.

"Ẹ ti sọ fún un," ni Sàlímọ́tù wí.

"Mo ti sọ."

"Balkis ńkọ́? Bàbá tirẹ̀ kú lóòótọ́."

"Mi ò mọ̀, Sàlímọ́tù. Wọn ò ṣèlérí."

Obìnrin náà wò ó títí. Kò bú u. Ó tẹ orí ba, ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ìró rẹ̀ sì bá Adégbọlá wọlé.

Bámiṣayọ̀ jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, àwo ìrẹsì wà lórí itan rẹ̀, ó ń ṣa òkúta. Tiwá sùn sórí àga. Oúnjẹ bàbá rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí, ìdérí wà lórí rẹ̀. Adégbọlá jókòó sórí ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kò jìnnà sí ìyàwó rẹ̀, kò sì sún mọ́ ọn. Ara rẹ̀ tún ti ń gbóná.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni Bámiṣayọ̀ béèrè.

"Wọ́n ní kí n wá sí kíláàsì lọ́la. Kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú ìrẹsì. Ó wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ọkọ rẹ̀, tí òógùn ti sọ di wúruwùru, ó sì gbé ojú kúrò.

"Kí lẹ máa wọ̀?" ni ó béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀wù Sọ́ńdè yín ò tíì gbẹ."

"Wọn ò béèrè aṣọ," ni Adégbọlá wí. "Ojú ni wọ́n ní kí n mú wá."